ẸBÙN Ẹ̀JẸ̀: ÌBẸ̀RÙ ALÁÌSÀN ÀTI OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìjọ: Bàbá, Ìyá àti Ọ̀dọ́

Ibi kíkà: Léfítíkù 17:10–14, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:22–29, Lúùkù 10:25–37

Kókó ẹ̀kọ́: Ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ́ ní ìdí, ṣùgbọ́n kíkọ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni ìbéèrè, àyẹ̀wò, àti ẹni tí ń fi òtítọ́ inú tọrẹ.

1. Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ sí ara wa létí lẹ́yìn ìsìn, tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Nígbà tí dókítà bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò tó, pé a ó fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára, àwọn ẹbí a bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn. Ẹnì kan a ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Irú ènìyàn wo ni?" Ẹlòmíràn a ní, "Ṣé kì í ṣe àrùn ni wọ́n fẹ́ fi kún àrùn báyìí?" Ẹ̀kẹta a ní kí a kọ́kọ́ lọ bi wòlíì ná. Bí wọ́n ti ń sọ èyí, ilẹ̀ ń ṣú lọ, agbára aláìsàn sì ń tán díẹ̀díẹ̀.

A kò ní fi ẹni tí ń béèrè bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, a máa fò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú tí ó ríran wo ìbẹ̀rù yìí, kí a mọ ibi tí òtítọ́ wà nínú rẹ̀ àti ibi tí kò sí.

2. ÀWỌN WO NI Ó NÍLÒ Ẹ̀JẸ̀ NÍ AGBÈGBÈ WA?

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni àkọ́kọ́. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ, a sì máa fọ́ ọ. Ní àkókò òjò, ọmọ tí ó ń sáré kiri ní ọjọ́ Ajé lè dùbúlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí òwú, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, a lè rí ibi tí 54 nínú 100 ìfàjẹ̀sínilára jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Èkejì ni àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ. Èyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wákàtí díẹ̀ ló máa ń gbà. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí ó pọ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wa. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Gbogbo wa la mọ òpópónà ńlá tí ó ti Kútọnu wá, tí ó gba Savè àti Tchaourou kọjá lọ sí Parakou títí dé ààlà Niger. Ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré níbẹ̀, zem ń sáré níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé sì ń fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Àwa ará Tchaourou mọ ilé ìwòsàn Saint-Martin tí ó wà ní Papané. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, Parakou ni à ń gbé aláìsàn lọ, ó sì tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí Tchaourou. Ẹni tí ó wá láti ìletò inú oko ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ẹnu títì rárá. Nítorí náà ìdádúró wákàtí mẹ́ta nítorí àríyànjiyàn ẹbí kì í ṣe ohun kékeré fún wa.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: kò sí ilé-iṣẹ́ kan ní gbogbo ayé tí ó lè ṣe ẹ̀jẹ̀ jáde bí a ti ń ṣe oògùn. Láti ara ènìyàn nìkan ni ó ti ń wá. Bí wọ́n bá sì fi oògùn ìpamọ́ sí i, tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì tí ó yẹ, nǹkan bí ọjọ́ 35 ni ẹ̀jẹ̀ pupa sábà máa ń lò kí ó tó bàjẹ́. Èyí tí a tọrẹ ní oṣù yìí kò lè dúró de ọdún tí ń bọ̀.

3. ÌBẸ̀RÙ YÌÍ NÍ ÌTÀN

Ní àtijọ́, nígbà tí àwọn oníṣègùn Yúróòpù kọ́kọ́ ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn lára, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń kú, kò sì yé ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1901 ni dókítà kan ní ìlú Vienna, Karl Landsteiner, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ẹ̀yà. Lónìí à ń pe àwọn ẹ̀yà náà ní A, B, AB àti O. Bí a bá fa ẹ̀yà A sí ẹni tí ó ní ẹ̀yà B lára, ara rẹ̀ yóò bá ẹ̀jẹ̀ náà jà, ó sì lè pa á. Títí di òní, èyí wà lára àwọn ewu tí ó burú jù nínú ìfàjẹ̀sínilára, kì í sì í ṣe àrùn ni ó ń fà á. Àṣìṣe ènìyàn ni: orúkọ tí a kò kà dáadáa, àpò tí a gbé fún ẹni tí kò ni ín.

Lẹ́yìn náà ni àrùn éèdì dé, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní sida. Ní ọdún 1985 ni àyẹ̀wò tí ó lè rí àmì kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ní ọdún kan náà, àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ń bá a lọ láti pín oògùn tí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì, nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, a sì dá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ní ọdún 1992. Ní ilẹ̀ Britain ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1970 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ènìyàn tí ó lé ní 30,000 ni ó kó àrùn éèdì tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Nǹkan bí 3,000 nínú wọn ni ó ti kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Adájọ́ Brian Langstaff gbé ìwádìí rẹ̀ jáde, ó sì sọ pé a fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn aláìsàn. Ní tòsí wa, ní ọdún 2006, ìròyìn kàn káàkiri Nàìjíríà nípa ọmọ kékeré kan ní Èkó tí ó kó kòkòrò náà láti inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí i lára.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí ni ó bàjẹ́ nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí? Ṣé ẹ̀bùn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni? Rárá o. Púpọ̀ nínú oògùn tí ó pa àwọn ará Britain wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń wá owó àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n sì ń pa ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pọ̀ sójú kan. Owó wọ inú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ojúkòkòrò àti ìfipamọ́ ni ó pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti ọdún 1975 pé kí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọrẹ àtinúwá, kí ó má ṣe jẹ́ ọjà.

4. BÍ A TI Ń YẸ Ẹ̀JẸ̀ WÒ

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Agence Nationale pour la Transfusion Sanguine, tí a gé kúrú sí ANTS. Ìlànà tí a ń tẹ̀lé nínú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé nìyí, kí ó lè yé wa:

Èkíní, a máa ń bi olùtọrẹ ní ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀ àti ìgbé ayé rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kí ó sì tó ìwọ̀n 50 kìlógíráàmù ó kéré tán. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó fún òun fúnra rẹ̀.

Èkejì, a ó gba nǹkan bí 450 mílílítà, kò tó lítà kan ààbọ̀ rárá. Kò tilẹ̀ tó ìlàjì lítà kan. Abẹ́rẹ́ tuntun ni a fi ń gbà á, a kì í sì í lò ó fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé olùtọrẹ lè kó àrùn níbẹ̀, ẹ sọ èyí fún un.

Ẹ̀kẹta, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún àrùn mẹ́rin: kòkòrò tí ń fa éèdì, àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi C, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí a ń pè ní syphilis. Èyí tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn, dídànù ni.

Ẹ̀kẹrin, a ó wá ẹ̀yà rẹ̀. Kí a tó fà á sí aláìsàn lára, a ó po díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, láti wò bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

Kòkòrò ibà náà lè bá ẹ̀jẹ̀ wọlé ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa. Àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà.

5. IBI TÍ Ẹ̀RỌ KÒ LÈ DÉ

Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí wà. Bí ẹnì kan bá kó kòkòrò éèdì lónìí, tí ó sì lọ tọrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀rọ lè wò ó kí ó má rí nǹkan kan. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àmì àrùn tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní àkókò yẹn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ran ẹlòmíràn. Kí ni ó wá lè dáàbò bo ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn? Ẹnu olùtọrẹ nìkan ni. Bí ó bá sọ òótọ́ pé, "Mo ti bá ẹni tí n kò mọ̀ lò pọ̀ lóṣù yìí," a ó ní kí ó lọ, kí ó padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí ó bá purọ́, irọ́ náà yóò wọ inú àpò ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a máa ń ṣe. Aláìsàn dùbúlẹ̀, ẹbí pé jọ, wọ́n sì pe àbúrò rẹ̀: "Lágbájá, ìwọ ni ara rẹ le jù, lọ fún wọn lẹ́jẹ̀." Bàbá ń wò ó, ìyá ń sunkún, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Báwo ni ọmọkùnrin yẹn yóò ṣe sọ òótọ́ ara rẹ̀? Ojú yóò tì í. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá ẹni ni ó mọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ jù ni ti ẹni tí ó wá fúnra rẹ̀, tí a kò fi agbára mú, tí a kò fún lówó, tí ó ń wá lọ́dọọdún, tí a ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀jẹ̀ mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ní òun kò lè tọrẹ, ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹ má pè é ní ìkà. Ó lè jẹ́ pé nípa kíkọ̀ rẹ̀ ni ó fi gba aláìsàn là.

6. ÌBÉÈRÈ NÍPA TI Ẹ̀MÍ

Àwọn kan ń bi wá pé, "Ṣé Bíbélì kò kọ ẹ̀jẹ̀ fún wa?" Bí a bá ka Léfítíkù 17 àti Ìṣe 15 dáadáa, a ó rí i pé jíjẹ ẹ̀jẹ̀ ni a ń sọ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a pa fún oúnjẹ. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé ẹ̀mí wà nínú ẹ̀jẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí ṣeré. Nínú ìfàjẹ̀sínilára, a kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ó jẹ nǹkan. Ẹni tí ó tọrẹ ṣì wà láàyè, ó ń lọ sí oko rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á wà láàyè pẹ̀lú. Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn wà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́nà mìíràn tí wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ìjọ kankan má ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kú nítorí ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sì kà fúnra rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní, "Bí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ àjẹ́ ńkọ́? Bí ìwà olè rẹ̀ bá wọ ọmọ mi lára ńkọ́?" Ẹ̀jẹ̀ pupa tí a fà síni lára kì í pẹ́ ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, lẹ́yìn náà ara aláìsàn ti fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ìwà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ Nàgó, kò mọ Bàríbá, kò mọ Fúlàní. Ẹ̀yà O ti Bàríbá àti ẹ̀yà O ti Nàgó, ọ̀kan náà ni. Ará Samáríà inú Lúùkù 10 kò béèrè ẹ̀yà ẹni tí ó gbọgbẹ́ kí ó tó ran án lọ́wọ́, ẹni tí ó gbọgbẹ́ kò sì béèrè tirẹ̀.

Ní ti wòlíì: bí a bá ríran sí aláìsàn, kí a gbàdúrà, kí a tan àbẹ́là, kí a gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wòlíì kankan má ṣe sọ pé kí a dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí di òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gba ẹrù ẹ̀mí ènìyàn sórí ara rẹ̀. Àdúrà lè máa lọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń kán. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

7. OHUN TÍ Ẹ LÈ BÉÈRÈ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Béèrè kì í ṣe àfojúdi. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè:

(a) "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdí tí ó fi nílò ẹ̀jẹ̀? Ṣé oògùn nìkan kò lè tó?" Dókítà rere kì í fa ẹ̀jẹ̀ síni lára láìnídìí, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ewu rárá.
(b) "Ṣé a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yìí wò fún àrùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"
(d) "Ẹ̀yà wo ni ti aláìsàn, ẹ̀yà wo ni ti àpò yìí?" Kí ẹ jọ ka orúkọ àti ẹ̀yà pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kí ó tó so ó kọ́.
(e) Ẹ jókòó ti aláìsàn, pàápàá ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Bí òtútù bá mú un, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, bí ara bá ń yún un, tàbí bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ kí ó dá a dúró.

Bí a bá dá yín lóhùn tán, tí ọkàn yín sì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

8. OHUN TÍ ÌJỌ LÈ ṢE

Kí olúkúlùkù mọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le lọ tọrẹ nígbà tí kò sí ẹni tí ń ṣàìsàn nínú ẹbí wọn, pàápàá ní àkókò òjò tí ibà ń jà. Ọkùnrin lè tọrẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Aboyún àti ìyá ọlọ́mú kò gbọdọ̀ tọrẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ni ọjọ́ àwọn olùtọrẹ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ayé, ọjọ́ tí a bí Landsteiner; ẹgbẹ́ lè mú ọjọ́ náà láti lọ papọ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì bóyá òun lè wọ sùtánà wá sí ìsìn ní ọjọ́ tí òun tọrẹ, kí ó bi Olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, kí ó má ṣe tìtorí ìyẹn kọ̀ láti lọ.

Ní paríparí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó dára jù ni èyí tí a kò nílò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn. Ẹ tètè gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta. Kí aboyún máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá di dandan, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ nílẹ̀, tí ẹni olóòótọ́ fi sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí gbogbo wa bá ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, tí kò sì sí ẹni tí ó ń fi tirẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò wá fi ẹ̀jẹ̀ mímọ́ sínú fíríìjì yẹn?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fa ikú àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé àti Britain: ẹ̀bùn ẹ̀jẹ̀ ni, tàbí ìwà ènìyàn?
2. Èéṣe tí ẹ̀jẹ̀ àlejò tí ó ń tọrẹ déédéé fi lè mọ́ ju ti àbúrò ẹni lọ?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín jíjẹ ẹ̀jẹ̀ àti gbígba ẹ̀jẹ̀ sára?
4. Bí ìyá kan nínú ìjọ bá kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún un?

KÓKÓ ÀDÚRÀ

Ẹ gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Papané àti Parakou. Ẹ gbàdúrà fún àwọn nọ́ọ̀sì tí ń ka orúkọ sára àpò ẹ̀jẹ̀ lóru, kí ojú wọn má ṣe ṣì í. Ẹ gbàdúrà fún gbogbo ẹni tí ó ń tọrẹ, kí òtítọ́ máa wà lẹ́nu wọn. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti bèèrè, àti ìgboyà láti fi fúnni. Àmín.